Ilẹ̀ Mì, Ìrẹsì Dà Síta

Ilé wa ní Ayétòrò wà létí ọ̀nà ọjà, òun nìkan sì ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà ní gbogbo àdúgbò náà nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bàbá mi ló kọ́ ọ. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Bàbá, tọmọdé tàgbà ló sì ń pè é ní Tíṣà. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí àlùfáà ìjọ wa bá lọ bẹ àwọn ìjọ kéékèèké wò lọ́nà Ìmàṣàyí, òun ló máa ń wàásù. Èèyàn gíga ni, tí kì í yára sọ̀rọ̀, aṣọ ara rẹ̀ sì máa ń gún régé bíi pé kò jókòó nínú rẹ̀ rí.

Ilẹ̀ tó rí kọ́lé sí kì í ṣe ilẹ̀ gidi. Kòtò ńlá kan ni tẹ́lẹ̀, níbi tí àwọn ará àtijọ́ ti ń wa amọ̀ tí wọ́n fi ń mọlé. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fi pàǹtírí àti yẹ̀pẹ̀ dí i, koríko sì ti bò ó. Àwọn àgbà àdúgbò sọ fún Bàbá pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò tíì le. Bàbá ní ilẹ̀ tí òjò ti ń rọ̀ sí láti ọjọ́ tó ti pẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò ti le. Ó kọ́ ilé náà díẹ̀díẹ̀, ọdún dé, ọdún lọ, iyanrìn sì pọ̀ ju sìmẹ́ńtì lọ nínú àwọn búlọ́ọ̀kù tó fi kọ́ òkè. A kò mọ̀ nígbà náà. Ohun tí a mọ̀ ni pé bí èèyàn bá dúró lójú fèrèsé òkè, ó lè rí orí páànù gbogbo àdúgbò, àwọn ọmọ kíláàsì mi sì máa ń bẹ̀ mí kí n mú wọn gòkè.

Ìyá mi ń ta ìrẹsì. Ó ń ná ọjà Kétu àti Àjàṣẹ́ ní òdìkejì ẹnubodè, ó gbọ́ Faransé tó fi lè dúnàádúrà, àwọn aṣọ́bodè lọ́hùn-ún tí wọ́n ń pè ní dùwáànì sì mọ̀ ọ́n débi pé wọ́n máa ń bi í léèrè àlàáfíà ọmọ. Kò sí ohun tó farasin nínú òwò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba sójà dé, wọ́n ní àwọn ti ẹnubodè pa, ìrẹsì òkè òkun sì di ohun tí òfin kà léèwọ̀. Lọ́dún yẹn, nǹkan wọ́n gan-an. Àwọn èèyàn máa ń tò sórí ìlà láti ra ṣúgà, mílíìkì àti ọṣẹ, sójà á sì máa na ẹni tó bá yà kúrò lórí ìlà.

Kò pẹ́ tí wọ́n ti ẹnubodè ni Bàbá wàásù nípa fàyàwọ́. Mo wà láàárín akọrin lọ́jọ́ náà. Ó ní ohun tí ọmọ Ọlọ́run kò bá lè ṣe lójú mọmọ, kó má ṣe fi ọ̀nà inú igbó ṣe é. Gbogbo ìjọ ní àmín. Ìyá mi náà ní àmín, mo rí ẹnu rẹ̀ tó mì.

Ìrẹsì kan wà ní Kétu tí Ìyá mi ti rà sílẹ̀ kí wọ́n tó ti ọ̀nà. Ó ní kòkòrò yóò jẹ ẹ́ bí òun bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ bá a gbé e gba inú igbó, wọ́n sì kó o dé ní àfẹ̀mọ́jú. Yàrá ńlá tó kọjú sí ọ̀nà lókè ni Bàbá fi ń kàwé. Lọ́jọ́ tí ìrẹsì náà dé, kò bá Ìyá mi jà, kò sì sọ fún un pé ó dára. Ó kàn ń kó ìwé rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, apá kan lẹ́yìn òmíràn, títí yàrá náà fi ṣófo. Ìrẹsì ti Kétu náà sì ni yóò jẹ́ ìkẹyìn, bí Ìyá mi ṣe wí. Kì í ṣe òun ni ìkẹyìn. Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé kí òmíràn tó dé, wọ́n sì ń tò wọ́n jọ ti ògiri yàrá náà títí tí àpò òkè pátápátá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Ìyá mi ní bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, kí n sọ pé bíríkìlà ń ṣiṣẹ́ lókè. Láti ìgbà náà, n kò mú ọmọ kíláàsì mi kankan gòkè mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ ọjà kan ni, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń ṣa ẹ̀wà. Ohùn kan ni mo kọ́kọ́ gbọ́, bíi ti tìrélà tó di ẹrù tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìlaro. Mo gbójú sókè, n kò rí ọkọ̀ kankan. Àwọn ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Nǹkan kan gbún ìjókòó mi láti ìsàlẹ̀, bíi pé ẹnìkan fi ẹsẹ̀ ta á. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ̀wà tó wà nínú àtẹ mi ń rìn fúnra rẹ̀. Láàárín ìyẹn ni mo gbọ́ tí òkè ilé wa ké, bí igi ńlá ṣe máa ń ké kó tó wó, mo sì sáré jáde sí ojú ọ̀nà.

Kò ju bí èèyàn ṣe ń mu omi ife kan lọ tó fi parí. Mo wo òsì, mo wo ọ̀tún. Ilé alámọ̀ ìyá kan tó ń gbé ní ọ̀kánkán wa, tí gbogbo wa ń pè ní Alájà, dúró síbẹ̀ bó ṣe wà. Páànù ilé kejì ṣí díẹ̀. Nǹkan kan kò ṣe mọ́sáláásí àdúgbò. Mo wá yíjú sí ilé wa. Ògiri yàrá òkè tó kọjú sí ọ̀nà ti yọ ikùn síta bí aboyún, ó sì ti sán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí mo ṣe ń wò ó, àwọn búlọ́ọ̀kù àárín rẹ̀ já bọ́. Àpò ìrẹsì kan tẹ̀ lé wọn, ó bẹ́ nílẹ̀. Èkejì há sójú ihò náà, ó ya, ìrẹsì inú rẹ̀ sì ń dà wálẹ̀ sójú ọ̀nà, funfun, láìdáwọ́ dúró.

Àwọn èrò ọjà dúró. Bí wọ́n bá ti ń pariwo ni, ì bá sàn fún mi. Obìnrin kan tó ru agbọ̀n ata yí ọrùn díẹ̀díẹ̀ nítorí ẹrù orí rẹ̀, ó wo òkè, ó wo ìrẹsì nílẹ̀, ó ní,

"Ṣé kì í ṣe ilé Tíṣà nìyí?"

Ẹnìkan dá a lóhùn pé òun ni.

Ìyá mi ti jáde láti ẹ̀yìnkùlé. Ìyẹ̀fun ẹlùbọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Àwọn ọmọdé ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi abọ́ kó ìrẹsì, àwọn ìyá wọn kò sì dá wọn lẹ́kun. Alájà ló dìde láti orí ẹní rẹ̀, tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rìn bọ́ sí àárín wọn.

"Ẹ máa lọ sílé yín," ló wí. "Ilẹ̀ tó mì lẹ́ẹ̀kan lè tún mì. Ṣé ẹ fẹ́ kí ògiri yẹn wó lé àwọn ọmọ yín lórí ni?"

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì gbà á. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Alájà wọlé, ó gbé ẹní rẹ̀ jáde, ó sì tẹ́ ẹ bo òkìtì ìrẹsì náà. Ó fọwọ́ kan Ìyá mi ní èjìká, ó padà sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá dé lórí kẹ̀kẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé, ó wo ihò náà, ó wo àpò tó há síbẹ̀, ó sì wo ẹní tó wà nílẹ̀. Ó gbé kẹ̀kẹ́ ti ara igi.

"Ṣé kò sẹ́ni tó fara pa?"

"Kò sí, sà," mo dá a lóhùn.

"A dúpẹ́," ló wí, ó sì wọlé. Ó jókòó sórí àga rẹ̀ láìbọ́ bàtà. Ìyá mi gbé oúnjẹ wá, ó gbé e padà bó ṣe wà.

Ọ̀rọ̀ tí gbogbo èrò ọjà ti rí kò lè pẹ́ kó tó dé etí ìjọba. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ ẹnubodè dúró níwájú ilé wa, àsìkò tí àwọn ọmọ ń lọ sílé ìwé. Ọ̀gá wọn kò jágbe mọ́ wa. Ó pe Bàbá ní "sà", ó sì ní kó má bínú, iṣẹ́ àwọn ni. Ìyẹn ló dùn mí jù. Bó bá jẹ́ pé ó bú wa ni, n bá rí ẹni bínú sí.

Kò sí alábàárù nítòsí. Ọ̀gá náà pe àwọn ọmọkùnrin kan tó ń lọ sílé ìwé pé kí wọ́n wá ràn wọ́n lọ́wọ́ láti kó ẹrù náà sínú ọkọ̀. Ọmọ ilé ìwé Bàbá ni wọ́n.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àwọn ọmọ mi gbé e," Bàbá wí. "Èmi ni màá gbé e."

Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi í lé orí àga, ó gun òkè lọ. Ó gbé àpò àkọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀yìn ọrùn. N kò rí Bàbá mi láìwọ ẹ̀wù níta rí. Èjìká rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Àwọn ọmọ náà kò lọ, wọ́n tò sí etí ọ̀nà, wọ́n di ọwọ́ sẹ́yìn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ìlà àárọ̀. Nígbà tó gbé bíi mélòó kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìyá mi lọ di ìdí àpò tó tẹ̀ lé e mú, èmi náà lọ di etí kan mú. Àwa mẹ́ta jọ ń gòkè, a jọ ń sọ̀ kalẹ̀. Mo ń wo ẹsẹ̀ mi. Gbogbo ohun tí mo rí ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ni ẹsẹ̀ àwa mẹ́ta.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀, gbogbo kíláàsì wa ló fẹ́ mọ ohun tó mi ilẹ̀. Tíṣà jọ́gíráfì wa jẹ́ ọmọ Gánà, ọkùnrin kúkúrú kan tó ti gbé Ayétòrò débi pé Yorùbá ti mọ́ ọn lẹ́nu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ máa ń yí gba ibi tí tiwa kì í gbà. Ó ní ìyá òun wà ní Àkrá nígbà tí ilẹ̀ mì níbẹ̀, tó sì wó ilé púpọ̀, kí wọ́n tó bí òun. Ó fa ẹ̀ka igi gúáfà tútù kan yọ láti abẹ́ tábìlì.

"Ẹ wò mí," ló wí. "Mo ń tẹ igi yìí. Agbára ọwọ́ mi ń wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣé ẹ rí i?"

"Rárá, sà."

"Ó wà níbẹ̀. Igi náà kó o pamọ́ ni." Ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi já pẹ̀lú ariwo, ó sì na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí wa. "Ọwọ́ ń ta mí báyìí. Agbára tó wọlé díẹ̀díẹ̀ ló jáde lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni àpáta tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ṣe rí. Àpáta ń ti àpáta, ó ń tẹ̀, ó lè máa tẹ̀ láti ayé baba ńlá yín. Lọ́jọ́ tí kò bá lè fara dà á mọ́, yóò já níbi tó ti sán tẹ́lẹ̀, ìhà kan á yọ̀ kọjá lára èkejì, gbogbo ohun tó ti kó pamọ́ á sì tú jáde."

Mo tẹ orí ba. Ó dà bíi pé gbogbo kíláàsì gbọ́ "kó pamọ́" yẹn bí mo ṣe gbọ́ ọ.

Ó ní agbára náà kì í dúró síbi tó ti já, ó ń rìn nínú ilẹ̀ bí ìgbì. Èyí tó ń yára jù ń ti ilẹ̀ síwájú, ó ń fà á sẹ́yìn, bí ìgbà tí ẹni ẹ̀yìn bá ti èèyàn lórí ìlà ṣúgà, tí títì náà sì dé ọ̀dọ̀ ẹni iwájú pátápátá bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó kúrò ní àyè rẹ̀. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ẹni tí wọn kò tì bẹ́ẹ̀ rí. Èyí tó tẹ̀ lé e ń lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí okùn tí èèyàn gbọ̀n. Àwọn tó ń rìn lójú ilẹ̀ ló máa ń dé kẹ́yìn, àwọn ló sì máa ń ba ilé jẹ́ jù. Nígbà náà ni mo mọ ohun tó gbún ìjókòó mi lọ́jọ́ náà, àti ìdí tí ẹ̀wà mi fi ń rìn lẹ́yìn ìyẹn.

Ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè. Ó ní ìyá òun sọ pé ìka Ọlọ́run ni, nítorí pé ilé kan ṣoṣo ló wó.

"Ìgbì náà kò mọ ilé ẹnikẹ́ni," tíṣà dá a lóhùn. "Abẹ́ gbogbo ilé ló gbà kọjá. Ilé tó bá dúró lórí ilẹ̀ líle, díẹ̀ ló máa mì. Lórí ilẹ̀ tí wọ́n dí, ìgbì máa ń falẹ̀, á sì ga sí i, ilé á mì gan-an. Bí búlọ́ọ̀kù ilé náà kò bá sì lágbára, tí ẹrù tó wúwo tún wà lókè..."

Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ibi tí mo jókòó sí ni.

"Ẹrù wo ni, sà?" ọmọkùnrin kan bi í láti ẹ̀yìn.

Ẹ̀rín bú jáde. Tíṣà gbá tábìlì, ó ní kí wọ́n dákẹ́, wọn kò dákẹ́ títí aago fi lù. Ara mi gbóná láti ìka ẹsẹ̀ dé etí. Bó bá jẹ́ pé ohun tí ìyá ọmọ yẹn sọ nìkan ni wọ́n ń sọ nípa wa, n bá fi ohun tí mo kọ́ jà fún ilé wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kò gbè wá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ìyá ọmọ yẹn já sí, ibẹ̀ náà ni ẹ̀kọ́ náà já sí: ìrẹsì ló wà lókè.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni tíṣà jọ́gíráfì wa wá sílé wa. Ó bẹ Bàbá. Ó ní òun kò ní in lọ́kàn láti fi wá ṣe ẹlẹ́yà, ẹ̀kọ́ ni òun ń kọ́ wọn, ẹnu òun ló ṣáájú òun. Bàbá ní kó jókòó. Ìyá mi bu omi fún un, ó sì gbé ẹ̀kọ tútù àti àkàrà síwájú rẹ̀, ohun tó wà nílé náà nìyẹn.

"Ṣàlàyé fún mi bó o ṣe ṣàlàyé fún àwọn ọmọ," Bàbá wí.

Tíṣà kò fẹ́. Bàbá tún un sọ. Ó wá tú ewé kúrò lára ẹ̀kọ kan, ó gbé e kalẹ̀ sínú àwo, ó sì fi ìka kan lu etí àwo náà. Ẹ kò lè rí i pé àwo mì, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ náà ń gbọ̀n, orí rẹ̀ ń gbọ̀n ju ìdí lọ. "Àwo ni àpáta, Bàbá," ló wí. "Ẹ̀kọ ni ilẹ̀ tí wọ́n dí." Lẹ́yìn náà ó gbé àkàrà kan lé ẹ̀kọ náà lórí, ó tún lu àwo. Ẹ̀kọ náà fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó sì fà ya ní ẹ̀gbẹ́ kan.

Bàbá wo àwo náà pẹ́.

"Bí kò bá sí ẹrù yẹn lókè," ló bi í, "ṣé ilé mi ì bá dúró?"

"Bàbá, ilẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀..."

"Sọ bó ṣe rí fún mi."

"Ì bá sán," tíṣà wí. "Kì bá wó."

Ìyá mi dìde, ó wọlé, kò sì jáde mọ́ títí àlejò náà fi lọ. Kí ó tó lọ, ó gba Bàbá nímọ̀ràn pé kó wó òkè kúrò pátápátá, kí ilé náà lè fúyẹ́, nítorí kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí ilẹ̀ yóò tún mì.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Bàbá lọ bá àlùfáà, ó ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn ní iṣẹ́ ìwàásù. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó jókòó sí ẹ̀yìn, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, níbi tí àwọn tó pẹ́ dé máa ń jókòó sí. Ìyá kan gbàdúrà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó ń mi ilẹ̀ kí ohun ìkọ̀kọ̀ lè hàn. Gbogbo ìjọ ní àmín, mo sì gbọ́ ohùn Bàbá láàárín tiwọn. Tẹ́lẹ̀, bí ojú bá ń tì mí, mo máa ń ní kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rù bà mí láti rò ó.

Wọ́n gbé Bàbá kúrò ní ilé ìwé rẹ̀, wọ́n ní kó lọ máa kọ́ni ní ilé ìwé kékeré kan lọ́nà Ìdógò, kì í ṣe ọ̀gá mọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló máa ń wálé, ọjọ́ Àbámẹ́ta náà la sì ń wólé. Òun ló ń fi òòlù yọ búlọ́ọ̀kù, Ìyá mi ń gbà á, èmi ń tò ó jọ. Àwọn mìíràn nínú búlọ́ọ̀kù náà máa ń fọ́ sọ́wọ́ mi bí iyọ̀. Ìyá mi kò ta ìrẹsì mọ́. Ó lọ ń ra ẹ̀gẹ́ ní oko, ó ń yan gàrí ní ẹ̀yìnkùlé, èéfín sì sọ ojú rẹ̀ di pupa. N kò gbọ́ kí òun àti Bàbá jà nítorí ọ̀rọ̀ náà. N kò sì gbọ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín pọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà tó yá, ìjọba ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ sí orílẹ̀-èdè wọn. Tíṣà jọ́gíráfì wà lára wọn. Ẹnubodè tí wọ́n ti mọ́ gbogbo wa ni wọ́n ṣí fúngbà díẹ̀ kí irú wọn lè gbà á jáde. Bàbá gbé àpótí rẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́, ó ń tì í lọ sí gáréèjì, èmi sì ń gbé àpò ìwé rẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn wọn. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi dúró sí etí ọ̀nà, wọ́n ń kọrin ẹlẹ́yà lé e pé kí Gánà máa lọ. Tíṣà kò wò wọ́n. Ó ń sọ fún Bàbá nípa ẹ̀wà tí ìyàwó rẹ̀ gbìn sẹ́yìn ilé, pé kí a máa lọ ká a. Ojú tì mí lọ́jọ́ yẹn ju ti ọjọ́ ìrẹsì lọ, nítorí pé ní tiwa, a mọ ohun tí a ṣe, ṣùgbọ́n òun kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ọdún púpọ̀ ti kọjá kí àwọn ará ilé ọkọ mi tó wá láti Ìpókìá láti tọrọ mi. Ìyá mi gún iyán. Àwọn àlejò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọkàn mi sì wà lórí àtẹ̀gùn wa. A ti wó òkè, a ti kan páànù sórí ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá kò rí owó wó àtẹ̀gùn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé. Ó dúró síbẹ̀, ó gòkè, ó sì parí sí òfuurufú. Adìẹ ló ń sùn sí i. Mo ti bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n má bèèrè.

Bàbá ọkọ mi bèèrè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ṣì fẹ́ fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e ni?"

Èsì kan wà tí gbogbo wa máa ń fún àlejò, pé owó ni a ń dúró dè. Mo ti gbé àwo omi dúró, mo ń dúró kí Bàbá sọ ọ́.

"Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni tẹ́lẹ̀," Bàbá wí. "Ilẹ̀ mì, ó wó. Orí kòtò ni mo kọ́ ọ sí, wọ́n kìlọ̀ fún mi. A sì kó ìrẹsì fàyàwọ́ sókè rẹ̀ ní àsìkò tí èmi fúnra mi ń wàásù pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Wọ́n wá kó o lójú gbogbo ìlú."

Àwọn àlejò dákẹ́. Lẹ́yìn náà bàbá ọkọ mi rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní púpọ̀ nínú irú ìrẹsì bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ní Ìpókìá ló ń gbà kọjá, kí Ẹ̀gbọ́n má jẹ́ kó dùn wọ́n. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ó dun òun, ó sì ní kí wọ́n fọ ọwọ́, iyán ń tutù.

Mo lọ bá Ìyá mi ní ilé ìdáná. Ó ti gbọ́ pé wọ́n dákẹ́.

"Ṣé ó sọ ọ́?"

"Ó sọ ọ́, Màmá."

Ó jókòó sórí àpótí, ó fi etí gèlè nu ojú àti ọrùn. Ó dà bíi pé ó fẹ́ bi mí bí wọ́n ṣe gbà á, kò bi mí. Ó wo inú ìkòkò ọbẹ̀, ó tún bu ẹran sínú àwo kan, ó gbé e fún mi.

"Gbé èyí lọ fún wọn," ló wí. "Kí o sì wò ó bóyá omi tó wọn."